Àlejò Tí Wọ́n Rán Níṣẹ́

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún Màmá o.”

Ọ̀rọ̀ tí Ọlámikúnlé bá Yọ̀mí sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà ní Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Yọ̀mí kò la ẹnu. Orí ló mì. Ẹni tó mi orí ti ṣe ìlérí, àbí kò ṣe é? Ó mi orí tán, ó yí alùpùpù rẹ̀ padà, ó wá èrò lọ.

Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọmọ náà ti kú.

Ọmọ Ṣakí ni, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá rẹ̀ ń ṣe káfíńtà, ìyá rẹ̀ ń ta òkìrìkà. Kò sí olówó níbẹ̀. Ọpọlọ ọmọ náà ló pé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ ní Ṣakí àti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Sokodé jọ ní àdéhùn: lọ́dọọdún, ọmọ kan á ti ọ̀hún wá, ọmọ kan á ti ibí lọ, kí kálukú lè gbọ́ èdè ẹnìkejì rẹ̀. Ìdánwò ni wọ́n fi yan Ọlámi. Òun ló gba ipò kìn-ín-ní. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó wọ ọkọ̀ gba Parakou, ó gba Djougou, ó dé Sokodé ní oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú àpótí kan tí bàbá rẹ̀ kàn fún un. Èdè Faransé tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju “bonjour” lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, gbogbo Sokodé ló mọ̀ ọ́n. Ògiri funfun gígùn ló yí i ká. Ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè, ọmọ dókítà, ọmọ olówó Lomé ló kún inú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Yọ̀mí ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kọjá, kò wọ inú rẹ̀ rí. Ìwé mẹ́fà ni Yọ̀mí kà ní Kambolé, ìlú Yorùbá kan ní Tógò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá sí ìlú ńlá, ó ń wa zémì, alùpùpù tó ń gbé èrò. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń ta wáké, ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀wà. Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ló ń tà á sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́ Màmá tó ń fi Yorùbá bú ẹnì kan. Ó dúró. Ó ní ọmọ Yorùbá kan ń bọ̀ láti Nàìjíríà, pé Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, inú ilé-ẹ̀kọ́ ni á máa sùn, ṣùgbọ́n bó bá di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ọmọ a máa lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Èyí kò ní ẹbí. Ṣé Màmá lè gbà á?

“Yorùbá ni, àbí?” ni Màmá wí. “Kí ló dé tí mi ò ní gbà á?”

Bí Ọlámi ṣe dé ilé wọn ní àdúgbò Komah nìyẹn. Yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Mọ́sálásí níwájú, mọ́sálásí lẹ́yìn, àwọn Kátólíìkì Kambolé láàárín.

Màmá pa adìẹ. Iwe adìẹ náà, ọwọ́ ọmọ Ṣakí ló bọ́ sí. Àga kan ṣoṣo tó ní ìfẹ̀yìntì, òun ló jókòó lé e. Bó bá fẹ́ gbé abọ́ tó fi jẹun, Màmá á já a gbà. Bó bá fẹ́ pọn omi, Màmá á pariwo pe Yọ̀mí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ náà tó kí wọn tán, Màmá á ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, á sún un sí ọrùn.

“Ara ẹ ò gbóná? Ó dáa. Jókòó.”

Yọ̀mí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Màmá, èmi náà ń bẹ níbí o. Ẹ bá mi yẹ tèmi wò.”

“Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Bí ìwọ bá ń ṣàìsàn, ọmọ mi ló ń ṣàìsàn. Bí èyí bá ń ṣàìsàn, kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá ẹ̀?”

Bákan náà ló rí nílé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọmọ ń ṣe láràárọ̀, corvée ni wọ́n ń pè é: ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn, ṣáláńgá fífọ̀. Ọmọ ta ni o, ọmọ ta ni kọ́ o, kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀, orúkọ wọn sì wà lára ògiri. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ onínúure. Ó mú báírò pupa, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ọlámi: dispensé. Ìyẹn ni pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Àlejò ni, kí ó sinmi.

Inúure yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní L'invité, Àlejò. Wọn kò nà án. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń yà fún un ni. Bó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á ní, “Ẹ kúrò lọ́nà, Àlejò fẹ́ pọn omi.” Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, láìpẹ́ bẹ́ǹṣì á ṣófo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù kọkànlá, Yọ̀mí ń fọ alùpùpù lábẹ́ igi máńgòrò. Ọlámi wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àkísà.

“Fi sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí Màmá pa mí ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mò ń rùn ni?”

“Rùn báwo?”

“Oṣù méjì rèé. Ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi jà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jí ọṣẹ mi. Ní Ṣakí, wọ́n ti jí ọṣẹ mi tó mẹ́wàá.”

Yọ̀mí rẹ́rìn-ín títí àkísà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó wo ojú ọmọ náà ló rí i pé omi ti lé ròrò níbẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó ní, “Gbọ́. Nílé tiwa ní Kambolé, ọjọ́ mẹ́ta là ń ṣe àlejò. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, Màmá Àgbà á rán ọ níṣẹ́. Bó ti wù kó kéré mọ, á rán ọ. Tó bá ti rán ọ, ó tán. O ti di ọmọ ilé. Ẹni tó bá pè ọ́ ní àlejò lẹ́yìn ìyẹn, ìtanràn ni. Á pọn omi kún gbogbo ìkòkò.”

“Ẹ mú mi lọ.”

“Lọ ibo?”

“Kambolé. Kí wọ́n lè rán mi níṣẹ́.”

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n lọ. Sokodé dé Tchamba, Tchamba dé Kambolé, eruku ọyẹ́ bò wọ́n débi pé Màmá Àgbà kò dá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀. Àyìnkẹ́ ni orúkọ màmá náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé Ọlámi jókòó, tí wọ́n ń gbé iyán fún un, tí àwọn aládùúgbò ń wá wo ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹrin, bí ilẹ̀ ṣe mọ́:

“Ọmọ Ṣakí!”

“Mà!”

“Ẹsẹ̀ rẹ gùn tó ti lékeléke, orí àga lo sì lẹ̀ mọ́. Dìde. Lọ sọ́dọ̀ Kàrímọ́tù, kí o bá mi gba iyọ̀ wá. Ṣe kíá.”

Ọlámi fò dìde bí ẹni tí iná jó. Kò béèrè ta ni Kàrímọ́tù, kò béèrè ojúlé wo. Ó sáré jáde. Ó pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tó dé, òógùn bò ó, ó dọ̀bálẹ̀, ó na ọ̀rá kékeré kan sí màmá náà. Màmá Àgbà tọ́ ọ wò.

“Kí lèyí? Káún nìyí! Ṣé káún ni ẹ fi ń jẹ iṣu ní Ṣakí? Padà, olódo!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọlámi náà ń sáré lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò dúró mú un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Yọ̀mí gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé: “Bàbá mi, wọ́n ti rán mi níṣẹ́ o. Wọ́n tún pè mí ní olódo.”

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Sokodé, Yọ̀mí yí orí sẹ́yìn bá a sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù. Ó ní, “Nílé-ẹ̀kọ́ yín, kò sí Màmá Àgbà. Ẹnikẹ́ni ò ní rán ọ. Má dúró dè wọ́n. Rán ara ẹ. Èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ wọn, òun ni kó o mú.”

Ìmọ̀ràn Yọ̀mí ni. Kò sí ẹlòmíì tó gbà á nímọ̀ràn yẹn. Ó dáa kí a sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kìn-ín-ní, Ọlámi gbé garawa, ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ fọ ṣáláńgá. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wo ìran.

“Ẹ wá wò o! Àlejò ń fọ ìgbẹ́!”

Wàsíù ni aṣáájú wọn, ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè, ó ga, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó tọ́ka sí kọ̀rọ̀ kan. “Ọ̀gbẹ́ni Àlejò, ẹ gbàgbé ibí yìí.” Ọlámi padà, ó fọ ibẹ̀. “Ẹ gbàgbé ọ̀hún náà.” Ó fọ ọ̀hún. Ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ọjọ́ kẹta, ó tún wá. Ní ọjọ́ kẹrin, Wàsíù wo kọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi hàn án, ó wò ó títí, ó pòṣé, ó ká ṣòkòtò, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kejì. “Anàgó, sún síwájú. Bí ọmọge lo ṣe ń fọ nǹkan.”

Láti ọjọ́ yẹn, Àlejò kú, Anàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ló kù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó dé Komah pẹ̀lú ètè tó wú. Màmá figbe ta. Ọmọ náà ń fi ètè wíwú yẹn rẹ́rìn-ín. “Wọ́n bá mi jà, Màmá! Nítorí garawa! Èmi náà gbá a!” Ó wo Yọ̀mí. “Wọ́n sì ti jí ọṣẹ mi.” Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kó pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́. Ọ̀gá pa á rẹ́.

Ọjọ́ kan wà ní oṣù kẹta, tí wọ́n ṣí géètì sílẹ̀ fún àwọn òbí. Màmá ń tajà, kò lè wọlé. Ọlámi jáde wá mú Yọ̀mí. Yọ̀mí ní kò ṣe é ṣe, pé bàtà òun kò dára, pé òun kò gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó fà á wọlé. Ó fi yàrá ìkàwé hàn án. Ó fi ibùsùn rẹ̀ hàn án. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. “Ẹ̀gbọ́n mi nìyí,” ló wí. Ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè tẹrí ba fún oní-zémì. “Bonsoir, grand frère,” ló wí, ìyẹn ni pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n.

Yọ̀mí kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun yẹn lọ, ó sì rí i pé kò ga tó bí òun ti rò.

Nílé ní Komah, Màmá náà ti yí padà. Ó di, “Ọlámi, bá mi koná! Ọlámi, sáré ra òróró! Ọlámi, orí ẹ dà, ìrẹsì ń jóná!” Bó bá wọlé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ ló ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ tó máa ń lọ síwájú orí rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò pinnu bẹ́ẹ̀. Ó kàn bọ́ lọ́wọ́ Màmá ni. Àlejò ni ènìyàn ń fọwọ́ kàn wò. Ọmọ ilé, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, á wí. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn, gbogbo wọn.

Oṣù kẹfà dé, òjò ti múlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ní ìsinmi, Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́ Àìkú. Màmá ní kí àwọn méjèèjì lọ bá Màmá Àgbà ro oko iṣu rẹ̀ ní Kambolé. Wọ́n lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lọ́sàn-án, Ọlámi fi ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ sùn lábẹ́ igi òrí. Yọ̀mí pe é ní ọ̀lẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ro oko rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dìde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, wọ́n kọrí sí Sokodé. Òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ọlámi fi ara ti Yọ̀mí lẹ́yìn, ooru kan sì ń gba inú ẹ̀wù òjò wọ ẹ̀yìn Yọ̀mí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fara ti ìkòkò tó wà lórí iná. Ní Tchamba, wọ́n yà sábẹ́ ilé olóńjẹ kan. Yọ̀mí ra ìrẹsì fún àwọn méjèèjì. Ọlámi fi ṣíbí rò ó, kò jẹ ẹ́. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Yọ̀mí fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. “Ara ẹ gbóná.”

“Oòrùn àná ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Oòrùn wo? Òjò ń rọ̀, ò ń pe oòrùn.”

“Ibà lásán ni. Ṣé ibà ò mú mi rí ni? Mo ti lo paracétamol.”

Ilé oògùn kan wà lódìkejì títì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Yọ̀mí wò ó. Ó ní, “Jẹ́ ká débẹ̀. Àbí kí n pe Màmá.”

Ọlámi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀la ni.”

Yọ̀mí mọ ohun tó ń wí. Àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ ti dìbò, wọ́n fi í ṣe olórí corvée fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun ni á mú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Òun ni á dúró níwájú wọn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí á sọ fún ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè pé, “Ìwọ, ṣáláńgá.” Kò sí ọmọ òkèèrè tó ṣe é rí nílé-ẹ̀kọ́ náà.

“Tí Màmá bá gbọ́, wọ́n á pe ọ̀gá. Ọ̀gá á tún mú báírò pupa. Wọ́n á tún gbé mi jókòó, ẹ̀gbọ́n. Mo ti jókòó tó.”

Yọ̀mí ló kọ́ ọ. Òun ló ní kó rán ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ipò yẹn ju bí inú ọmọ náà ṣe dùn lọ. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo oní-zémì tó wà ní ibùdókọ̀. Ó tún wo ilé oògùn náà. Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la tí kò lọ, kó o sọ fún wọn o.”

“Màá sọ.”

Yọ̀mí jẹ ìrẹsì tirẹ̀ tán. Ó jẹ ti ọmọ náà mọ́ ọn. Òjò fúyẹ́, wọ́n lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Yọ̀mí gbé èrò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbọ́ ohùn Ọlámi nínú ọgbà, tó ń fi Faransé pe orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ ń dáhùn, tí ẹnì kan ń ráhùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Yọ̀mí ní, “Ara rẹ̀ ti yá.” Ó tẹ iná mọ́ alùpùpù. Wàsíù ló wá sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀wù òtútù méjì ni Anàgó wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n rò pé ó ń ṣe fáàrí ipò ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Wàsíù pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé ibi ìtọ́jú aláìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá sáré láti ìdí ìkòkò wáké, láìbọ́ aṣọ ìdáná. Nígbà tí Yọ̀mí dé, ojú ọmọ náà là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn. Màmá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, ó fà á padà bí ẹni tí iná jó, ó tún gbé e padà síbẹ̀.

Dókítà ní ibà ti wọ orí. Ó mú bébà. Ó ní, “Màmá, ọjọ́ mélòó ni ara rẹ̀ ti ń gbóná?”

“Ara rẹ̀ ò gbóná, dókítà. Nǹkan kan ò ṣe é rárá. Ọjọ́ Ẹtì ló fi ilé mi sílẹ̀, koko lara rẹ̀ le. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, wọ́n jọ ti Kambolé dé ni.”

Dókítà yíjú sí Yọ̀mí. Màmá náà yíjú sí i.

“Kò wí nǹkan kan,” ni Yọ̀mí dáhùn.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá ìdáhùn yẹn mú nǹkan yàtọ̀, bóyá kò mú u yàtọ̀, Yọ̀mí kò mọ̀. Kò gboyà béèrè títí dòní. Ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ náà lọ.

Wọ́n sin ín sí Sokodé ní ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé e. Wàsíù kò jẹ́ kí ẹlòmíì gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun. Bàbá Ọlámi dé lẹ́yìn ìsìnkú, ní Ọjọ́ Ẹtì, láti Ṣakí, eruku ọ̀nà lára aṣọ rẹ̀. Nítorí pé òfò ni, tí òbí kì í sì í fojú kan sàréè ọmọ, wọn kò mú un débẹ̀. Ilé ni wọ́n gbé e jókòó sí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ kan ti gé, ó jọ ọmọ náà lójú. Yọ̀mí jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti Ọjọ́rú ló ti ń to ọ̀rọ̀ sí ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ti la ẹnu.

Bàbá náà ló ṣáájú. “Yọ̀mí nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wí báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ṣe báyìí. Òun nìkan ni mo bí, kò ní ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń wá ẹ̀gbọ́n láti kékeré.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ọwọ́ àjèjì ni ọmọ mi kú sí. Ọlọ́run á dá ọmọ tìrẹ sí.”

Yọ̀mí tẹrí ba. Ó ní, “Àmín, bàbá.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé bàbá náà lọ sí ibùdókọ̀ tó ń lọ sí Djougou. Àpótí ọmọ náà wà láàárín wọn lórí alùpùpù. Lójú ọ̀nà, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Atẹ́gùn ń fẹ́, bàbá náà ní, “Kí lo wí?” Yọ̀mí ní, “Mo ní ọ̀nà ò dára.” Ọkọ̀ gbéra. Bàbá náà ju ọwọ́ láti ojú fèrèsé. Ó tán nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ. Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀ràn.

Nígbà tó padà dé Komah, Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àtẹ ẹ̀wà lé orúnkún, ó ń ṣà á. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ṣubú, kò tíì tajà. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

“Ṣé bàbá ti lọ?”

“Wọ́n ti lọ.”

Yọ̀mí dúró síbẹ̀. Kò jókòó.

“Màmá, mo mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Pé ara rẹ̀ ń gbóná. Ọjọ́ Àìkú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n má sọ fún yín.”

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà.

“Níbo?”

“Tchamba. Òjò ká wa mọ́ ibẹ̀. Ilé oògùn wà níwájú wa. A jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ.”

“Ó jẹun?”

“Kò jẹ.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Yọ̀mí wo ilẹ̀.

“O jẹun,” ni Màmá wí.

Ó wò ó. Yọ̀mí rò pé á gbé àtẹ náà là á mọ́ òun lórí. Ì bá dùn mọ́ ọn. Ó rò pé á figbe ta, kí àwọn ará ilé kejì lè sáré wá, kí wọ́n gbọ́, kí ó sì tán. Màmá kò ṣe ọ̀kankan.

“Dókítà bi mí,” ló wí. “O dúró tì mí. Èmi ni mo ní ara rẹ̀ le.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mo tún ní kí wọ́n bi ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Màmá gbé àtẹ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ̀wà má baà dànù. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá. Kò gbá ìlẹ̀kùn. Ó kàn pa á dé ni.

Yọ̀mí dúró. Kò gbọ́ ẹkún, kò gbọ́ ohùn. Níta, àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti mọ́sálásí, wọ́n ń kí ara wọn. Ó pẹ́ kó tó jókòó sórí àpótí ìjókòó tí Màmá dìde lórí rẹ̀. Ó fa àtẹ náà mọ́ra. Ó tẹ́ ẹ̀wà náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ó yọ òkúta kan, ó jù ú síta. Ó yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, ó yà á sọ́tọ̀. Ó tún yọ òkúta mìíràn.